Abẹ́rẹ́ Gba Abẹ́rẹ́

Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ó gùn, ó tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì kéré débi pé bó bá tò sórí ìlà láàárọ̀, olùkọ́ á béèrè ẹni tó fi ọ̀pá síbẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní orúkọ náà ti bá a wá iṣẹ́. Aṣọ ọkùnrin ló ń rán: ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, kóòtù. Ìyàwó rẹ̀ ń rán ti obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Maṣíìnì tirẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítòsí dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, nítorí rẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ṣe ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Mọ́mì, tí ìyàwó náà ń pè é ní Dádì.

Télọ̀ tó mọṣẹ́ ni. Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn lórí kọ́là. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ń fi téèpù wọn apá àwọn ọkùnrin mìíràn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, dandan ni kí tirẹ̀ máa wá sí i lọ́kàn. Ó mọ bí apá alápatà tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà ṣe tó. Ó mọ ti ẹni tó ń já ẹrù. Bó bá ti ku òun nìkan ní ṣọ́ọ̀bù, á wé téèpù mọ́ apá ara rẹ̀, á wò ó, á tún un wé, bóyá téèpù ló ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbálẹ̀ abẹ́ maṣíìnì rẹ̀. Maṣíìnì àtijọ́ ni, onírin, tòun ti tábìlì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tì í, ó fà á, ó mí kanlẹ̀, maṣíìnì kò mira. Àwọn oníbàárà jókòó, wọ́n ń wò ó. Mọ́mì dìde nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, ó gbé maṣíìnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbálẹ̀, ó gbé e padà, ó sì jókòó. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ká ní ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, Abẹ́rẹ́ ì bá rí ohun tó máa bínú sí.

Lọ́sẹ̀ yẹn ló forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù.

Jíìmù náà wà lẹ́yìn àwọn mẹkáníìkì, nínú ilé tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì pamọ́ sí tẹ́lẹ̀. Eruku sìmẹ́ǹtì ṣì wà ní gbogbo igun, ṣùgbọ́n dígí wà lára gbogbo ògiri, nítorí àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kì í fẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó tún rí ara wọn. Kóòṣì ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ibẹ̀. Ọrùn Kóòṣì ti wọnú èjìká lọ láìdágbére. Bó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń yí bí ọkọ̀ akẹ́rù. Ó fi ojú wọn Abẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, iṣẹ́ yẹn kò sì gbà á lásìkò.

"Ṣé o máa ń jẹun?" ó bi í.

"Mò ń jẹun dáadáa, sà."

"A jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá ọ sanra."

Abẹ́rẹ́ ju Kóòṣì lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n apá ni wọ́n fi ń mọ àgbà níbẹ̀, nítorí náà Kóòṣì ń sọ "o" sí i, òun ń sọ "ẹ" sí Kóòṣì, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Ó ń gbé irin ní ìrọ̀lẹ́, ó ń jẹ ẹyin àti ẹ̀wà, ó ń tètè sùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ki, èjìká rẹ̀ ń gbé kóòtù dúró. Lọ́jọ́ kan Mọ́mì wò ó nígbà tó ń wọ aṣọ, ó ní, "Dádì, ara yín ń dára o." Ẹlòmíràn á dúpẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kan wà ní jíìmù, tó tóbi débi pé Tírélà ni wọ́n ń pè é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tírélà ni Abẹ́rẹ́ máa ń dúró níwájú dígí, ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ní ìfọ̀kànbalẹ̀ dúró sí.

"Kóòṣì," ó ní, "báwo ni Tírélà ṣe ṣe tirẹ̀?"

Kóòṣì wo ọ̀tún, ó wo òsì, gbogbo ara rẹ̀ sì bá a lọ. "Ìfaradà ni," ó ní. Nígbà tó rí i pé Abẹ́rẹ́ kò kúrò níwájú òun, ó fi kún un. "Ìfaradà àti fítámì."

Fítámì náà wà nínú fíríìjì kékeré kan ní ọ́fíìsì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Ìgò péńpé ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ ki bí òróró. Èdè tí ẹnì kankan ní jíìmù kò lè kà ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n wọ́n ya ẹṣin síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ béèrè ohun tí ẹṣin ń ṣe lára ìgò.

"Ṣé o ti rí ẹṣin tí kò ní iṣan rí?" Kóòṣì bi í.

Abẹ́rẹ́ kò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kóòṣì kò lọ sí ilé ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó ti wo fídíò tó pọ̀ lórí fóònù, ó sì ti gún àwọn ènìyàn tí kò tíì kú. Nínú ilé ìwẹ̀ jíìmù, láàárín ìgbálẹ̀ àti kọ́rọ́bá, ọkùnrin tó ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀ sọ ṣòkòtò sílẹ̀, ó di ògiri mú, ó sì gba abẹ́rẹ́. Ó dùn ún wọ eegun. Nígbà tó ń tiro délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fi ìdí gbá bẹ́ǹṣì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," Mọ́mì wí. "Ẹ bá mi kí bẹ́ǹṣì náà."

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Apá rẹ̀ wú, itan rẹ̀ wú, orí rẹ̀ náà sì wú, ju apá lọ. Lọ́jọ́ kan tó na ọwọ́ mú áyọ́ọ̀nù, apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya láti èjìká dé ìgúnpá. Télọ̀ ni, ìdí maṣíìnì ló sì wà, ṣùgbọ́n kò rán an. Ó wọ̀ ọ́ kiri bẹ́ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń sọdá títì láti lọ kí àwọn ènìyàn tí kò fẹ́ràn, kí wọ́n má baà pàdánù ìran. Ó kéde pé òun kì í ṣe Abẹ́rẹ́ mọ́, pé Àpáta ni kí wọ́n máa pe òun. Àwọn ará àdúgbò gbà. Bó bá ń bọ̀, wọ́n á ní, "Àpáta." Bó bá ti kọjá, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí Abẹ́rẹ́?"

Ìgbéraga yẹn wọnú aṣọ àwọn oníbàárà. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé kò sí ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ayé rí apá òun, ó sì ń rán ṣẹ́ẹ̀tì gbogbo wọn mọ́ wọn lára. Ọ̀gá ilé ìwé kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá jẹ́ẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi páálí gbé dúró.

"Télọ̀, ó fún mi."

"Ó bá ara yín mu, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí apá yín."

"Ta ló fẹ́ rí apá mi?" bàbá béèrè. "Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún."

Ó gbìyànjú láti bọ́ ọ, kò bọ́. Mọ́mì ló mú àlùmọ́gàjí, ó rọra gé aṣọ náà kúrò lára bàbá, ó ń bẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń gé e. Dípò kí ọkọ rẹ̀ náà bẹ̀bẹ̀, inú ló bí i. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì fi fò, ó ní àwọn kan wà tí wọn kò mọ nǹkan gidi. Bàbá kàn wò ó bó ṣe máa ń wo àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé, ó sì jáde.

"Dádì, bàbá yẹn ló kọ́ ọmọ wa níwèé," Mọ́mì wí nígbà tó sìn ín dé ọ̀nà tó padà.

"Kó lọ wá ẹni tó máa rán aṣọ fún apá adìyẹ."

Mọ́mì ṣa àwọn àjákù ṣẹ́ẹ̀tì náà nílẹ̀. "Irú apá yẹn lẹ ní nígbà tí mo gbà láti fẹ́ yín," ó ní. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ara rẹ̀ ń sọ àwọn nǹkan mìíràn tí kò fẹ́ gbọ́. Irorẹ́ kún gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Òógùn ń bò ó lórí ibùsùn. Ohun tí kò tó nǹkan ń mú un gbaná jẹ. Ní ti ọ̀rọ̀ inú yàrá, mi ò ní sọ púpọ̀, ti tọkọtaya ni. Kí n kàn sọ pé ọkùnrin náà ń tóbi níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, ó sì ń kéré níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń rí i, ẹni yẹn kò sì fìgbà kan béèrè apá lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni orí ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Bí aṣọ bá fara kàn án, á ṣẹ́jú. Ó sọ fún Kóòṣì.

"Àyà ló ń yọ," Kóòṣì dáhùn. "Má dá a dúró."

Lópin ọdún, Kóòṣì ṣètò ìfihàn kan. Àwọn ọmọ jíìmù á gun orí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fẹ ara, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ pinnu pé ṣẹ́ẹ̀tì tí òun máa bọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí irú rẹ̀ kò sí. Ó mú aṣọ funfun dáradára kan tó ti fi pamọ́ tipẹ́, ó gé e, ó rán an, ó wọ̀ ọ́. Iwájú rẹ̀ gbé sókè. Bọ́tìnnì ń fa ara wọn, aṣọ sì ká láti àyà lọ sí abíyá. Ó tú u, ó tún èjìká rẹ̀ gé. Ó tún ká. Ó dá aṣọ lẹ́bi, ó dá òwú lẹ́bi, ó dá áyọ́ọ̀nù lẹ́bi. Mọ́mì ń rán bùláòsì tirẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ di ṣẹ́ẹ̀tì náà mú láti fà á ya ni ó tó dìde.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ó fi ìka mú aṣọ lábẹ́ abíyá ọ̀tún, ó ká a pọ̀ díẹ̀, ó fi píìnì há a, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ẹ̀gbẹ́ wá sí ọ̀gangan ọmú. Ó ṣe òsì bákan náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ni. Ó gbà á, ó rán ìlà méjèèjì, ó ní kó tún un wọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì náà jókòó bí ẹni pé wọ́n dà á lé e lára. Kò sí ibi tó ká, kò sí ibi tó fà.

Inú Abẹ́rẹ́ dùn, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ó wá wo ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe. Ó mọ ìṣẹ́po yẹn. Inú aṣọ ẹni tó ní ọyàn nìkan ni wọ́n ti ń lò ó.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Ìṣẹ́po ni."

"Mo mọ̀ pé ìṣẹ́po ni. Kí ló wá ṣe lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin?"

"Èmi ò mọ̀ o. Àyà yín ló béèrè fún un." Ó ti padà jókòó. "Iṣan máa ń le ni, Dádì. Nǹkan tó wà níbẹ̀ yẹn ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń rán aṣọ fún un, mi ò lè ṣì í mọ̀."

Abẹ́rẹ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn orí ọmú kọ̀ọ̀kan, kókó kan wà níbẹ̀ tó tó bọ́tìnnì kóòtù, ó rọ̀ létí, ó le láàárín. Ó wo dígí. Àwọn ará òpópónà ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú dígí. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ẹ́jẹ́, ó ká a dáadáa bí aṣọ oníbàárà.

Ó lọ bá Kóòṣì lọ́jọ́ kejì, nínú ọ́fíìsì níbi tó ti ń bó ẹyin jẹ. Ó ṣàlàyé fún un. Kóòṣì rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà, ó jọ ẹ̀rín tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ káàbọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Àpá kan wà lábẹ́ ọmú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ kọdọrọ bí èékánná.

"Wọ́n ti gé tèmi kúrò," ó ní. "Tírélà ń gbọ́ ti tirẹ̀ lọ́wọ́. Má jáyà. Oògùn kan wà tó máa ń dá a dúró, àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n ń fún. Ó lè máa ṣe inú rẹ bákan, ṣùgbọ́n mo ní ti inú náà."

"Kóòṣì, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"O ò béèrè," Kóòṣì wí. Ó tún mú ẹyin mìíràn. "Ọ̀rọ̀ ẹṣin lo béèrè."

Abẹ́rẹ́ kò gun pèpéle lọ́dún yẹn. Mọ́mì ló sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Oòrùn ń ràn gan-an, Abẹ́rẹ́ sì wọ kóòtù. Dókítà náà jẹ́ obìnrin kan tó kéré lára, tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń lò?" ó bi í.

"Fítámì, mà."

"Fítámì wo?"

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè, ó ń wo fáànù. Mọ́mì ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé ìgò kékeré kan, irú ti Kóòṣì, tí Abẹ́rẹ́ rà wálé, sórí tábìlì. Ó ti rí i tipẹ́ nínú agolo tí wọ́n ń kó bọ́tìnnì sí, ibi tí ọkọ rẹ̀ rò pé ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé. Dókítà yí ìgò náà wò.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹṣin ni yín?"

"Rárá, mà."

"Mo ní kí n béèrè ni. A kì í tọ́jú ẹṣin níbí."

Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru sókè, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàròyé. Dókítà ṣàlàyé ìyókù fún un láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ara gbogbo ọkùnrin ló ń ṣe ohun tó sọ ọ́ di ọkùnrin. Tirẹ̀ ti rí i pé ó ń rà á lóde, ó sì ti pa iṣẹ́ tì. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú èyí tó ń rà, ara máa ń sọ ọ́ di ti obìnrin.

"Nítorí náà, àyà yín kò ṣe àṣìṣe kankan," ó ní. "Ẹ fún un ní iṣẹ́, ó sì ṣe é."

Mọ́mì tẹrí ba. Èjìká rẹ̀ ń mì. Abẹ́rẹ́ rò pé ẹkún ló ń sun, ó sì na ọwọ́ láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ̀rín ló ń rín.

Abẹ́rẹ́ fi oògùn ẹṣin náà sílẹ̀. Mi ò ní sọ pé ó rọrùn. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí táyà tó ń jò, apá ló kọ́kọ́ lọ, àyà kò sì mira. Ìbànújẹ́ kan tí kò ní orúkọ wọlé tọ̀ ọ́. Ó ń jókòó sídìí maṣíìnì láì tẹ ẹsẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan òwú já lọ́wọ́ rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbá tábìlì tẹ́lẹ̀ ń sunkún nítorí òwú. Mọ́mì ń rán ti obìnrin, ó tún ń rán ti ọkùnrin kún un.

"Mọ́mì," ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "mi ò já mọ́ nǹkan kan mọ́."

Mọ́mì kò dá maṣíìnì rẹ̀ dúró. "Ẹ bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí," ó ní. "Ojú mi ò mú un dáadáa mọ́."

Ó bá a ki òwú bọ̀ ọ́. Mọ́mì gbé òmíràn fún un. Ó tún gbé òmíràn fún un. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni Abẹ́rẹ́ fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún ìyàwó tí ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, tó ń fa òwú yọ lábẹ́ tábìlì tó sì ń dá abẹ́rẹ́ kan náà padà fún un. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń ráhùn pé abẹ́rẹ́ wọn ti pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù, pé ìnákúnàá ni. Ó pẹ́ tó ti ráhùn lórí nǹkan gidi kẹ́yìn. Inú Mọ́mì dùn.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń padà bọ̀ sípò. Ó rán ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún ọ̀gá ilé ìwé, ó gbé e lọ bá a nílé, ó sì bẹ̀ ẹ́. Bàbá wọ̀ ọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fì wọ́n síwá sẹ́yìn.

"Èyí dáa," ó ní. "Mo lè na èèyàn nínú èyí bó bá yẹ bẹ́ẹ̀." Ó wo Abẹ́rẹ́ dáadáa, ó sì jẹ́ kó lọ.

Ní ti àyà, dókítà ní wọ́n lè fi abẹ gé e kúrò, tàbí kó fi í sílẹ̀ bí kò bá dà á láàmú. Abẹ́rẹ́ ní òun ti rí abẹ́rẹ́ tó, òun kò fẹ́ rí abẹ. Ó rán síńgílẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn láti máa wọ̀ sábẹ́ aṣọ, ó sì wá ọ̀nà tí ó fi ń gé ṣẹ́ẹ̀tì tí kò fi ní ṣe é bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ó fi ìṣẹ́po náà há inú ibi tí èjìká ti pàdé àyà, ojú kò lè rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Mọ́mì fúnra rẹ̀ yí i padà sínú sóde, ó sì mi orí.

Tírélà ló kọ́kọ́ wá. Ọ̀sán gangan ló wá, ó ń wẹ̀yìn bí ẹni tó jí nǹkan.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n wá béèrè," ó ní. "Ó ní ìṣòro díẹ̀ níbi àyà. Ó fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

"Kó wá kí n wọ̀n ọ́n."

"Ọwọ́ rẹ̀ dí. Ṣùgbọ́n ara wa dọ́gba."

Abẹ́rẹ́ wọn ọ̀rẹ́ náà lára Tírélà. Ó fi sùúrù ṣe é, kò fi téèpù fún un níbi tó ń dùn ún. Nígbà tó tán, ó ní, "Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Kó sọ ohun tó ń lò fún wọn, kó má pè é ní fítámì. Wọ́n á bi í bóyá ẹṣin ni."

Tírélà rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì rí i pé Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ó béèrè ọ̀nà ibẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwòsàn náà o, ó sì padà wá gba ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin gìrìwò gìrìwò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Abẹ́rẹ́ ń wọn gbogbo wọn, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo wọn kó tó mú àlùmọ́gàjí. Àwọn kan ń gbọ́. Inú ń bí àwọn kan, wọ́n ní ṣẹ́ẹ̀tì làwọn wá rán, kì í ṣe ìwàásù, wọ́n á sì sọdá lọ bá télọ̀ tó wà lódì kejì títì. Télọ̀ yẹn kì í wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kàn máa ń ká láyà ni.